Píkọ́ọ̀pù Tí Mo Fẹnu Mi Lé Lọ

Tírélà kan ló kó mi sí i. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ akọ̀wé lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń bá àwọn èèyàn gba ẹrù jáde ní èbúté Àpápá. Iṣẹ́ mi kò ju kí n gbé fáìlì láti ọ́fíìsì kan dé òmíràn, kí n sì dúró síbi tí wọ́n bá ní kí n dúró sí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo dúró lẹ́nu géètì nígbà tí tírélà náà yọ jáde. Píkọ́ọ̀pù mẹ́fà ló gbé sẹ́yìn, gbogbo wọn funfun, gbogbo wọn jọra bí ẹyin inú kíréètì. Àgbà awakọ̀ kan tó ń jẹ ẹ̀pà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi.

"Akọ̀wé, oríṣi mélòó lo rí níbẹ̀ yẹn?"

Mo ní, "Oríṣi kan ni, bàbá."

Ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀pà fi fẹ́ há a lọ́fun. "Ojú lásán lo fi ń wò ó. Wo ẹsẹ̀ wọn."

Mo wo ẹsẹ̀ wọn. Méjì wọ ríìmù irin dúdú, bí ìdérí ìkòkò tí iná ti jó. Mẹ́ta wọ ríìmù tó ń dán. Ríìmù ti ìkẹfà tóbi ju ti gbogbo wọn lọ, ó sì ní irin tó ń kọ mànà yí iná iwájú rẹ̀ ká. Bàbá awakọ̀ nawọ́ sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Méjì yẹn, mẹ̀kúnnù ni wọ́n, ọwọ́ lo máa fi yí gíláàsì wọn. Mẹ́ta wọ̀nyẹn, akọ̀wé ni wọ́n, bíi tìẹ. Ìyẹn tó dá wà yẹn, ọ̀gá nìyẹn. Ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì ló wà nínú gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n owó ọ̀gá yẹn á ra mẹ̀kúnnù kan, ṣẹ́ńjì á sì kù."

Tírélà ti yà sọ́nà kí n tó pa ẹnu dé. Lọ́jọ́ náà gan-an ni mo ra ìwé ìkọ̀wé aláwọ̀ ewé kan lọ́wọ́ ẹni tó ń ta bírò lójú títì, mo fa ìlà mẹ́ta sí ojú ewé àkọ́kọ́, mo sì kọ Mẹ̀kúnnù, Akọ̀wé àti Ọ̀gá sí orí wọn.

Kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní ìyókù. Inú fáìlì ni mo ti kọ́ ọ. Gbogbo ọkọ̀ tí ọ̀gá mi bá gbà jáde ni mo máa ń ka ìwé rẹ̀ nígbà tí mo bá ń dúró de òǹtẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ́ńjìnì mẹ̀kúnnù jẹ́ lítà méjì àti díẹ̀, pé ti ọ̀gá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́ta. Mo mọ̀ pé jíà ọlọ́wọ́ ni ti mẹ̀kúnnù, pé rọ́bà ni ilẹ̀ inú rẹ̀, kì í ṣe kápẹ́ẹ̀tì, pé àpò afẹ́fẹ́ tó ń yọ síta nígbà ìjàǹbá kò ju méjì lọ nínú rẹ̀, tí ó sì pé méje nínú ti ọ̀gá. Mo mọ èyí tí ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó jókòó sẹ́yìn. Lékè gbogbo rẹ̀, mo mọ ibi tí òtítọ́ wà: pátákó kékeré tí wọ́n kàn mọ́ inú férémù ilẹ̀kùn awakọ̀. Lẹ́tà mẹ́ta tó kẹ́yìn nínú nọ́ńbà orí pátákó yẹn ló ń sọ bí ọkọ̀ ṣe kúrò nílé ẹni tó ṣe é. Gbogbo nǹkan yòókù lèèyàn lè pààrọ̀.

Wọ́n sì ń pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn kan wà ní Malu Road tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni láti wọṣọ fún ọkọ̀. Mẹ̀kúnnù tòkunbọ̀ á wọlé sọ́dọ̀ wọn láàárọ̀, ní ìrọ̀lẹ́ á jáde pẹ̀lú ríìmù tuntun, ojú tuntun, irin dídán létí dígí, àti lẹ́tà ńlá lẹ́yìn tó ń pè é ní ohun tí kì í ṣe. Mo lè dá wọn mọ̀ láti òdìkejì ọ̀nà. Ó ń dùn mọ́ mi bí ìgbà tí èèyàn bá já àṣírí ayédèrú owó. Kò pẹ́ tí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ mi ní èbúté fi ń pè mí ní Ẹnjiníà Ìwé, bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ mọ iye tí píkọ́ọ̀pù ń lọ lọ́sẹ̀ yẹn, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń rán an wá. Mi ò ní mọ́tò. Mi ò tíì wa píkọ́ọ̀pù rí nígbà yẹn, àfi ìgbà kan tí wọ́n ní kí n bá wọn mú sítíárìn nígbà tí wọ́n ń tì í.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ní Amùkòkò. Ọdún mẹ́fà ló fi jù mí lọ, Bùrọ̀dá ni mo sì ń pè é. Èmi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú ìyá wa, òun ń kírun bíi bàbá wa, àwa méjèèjì sì ń jẹun Kérésì àti ti Iléyá bákan náà. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí jẹnẹrétọ̀ bá ń ṣiṣẹ́, á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e lára fún ìṣẹ́jú kan, á ní, "Nọ́sù kejì ló ń ṣe é," a ó sì tú ẹ̀rọ kékeré tó ń fọ́n dísẹ́ẹ̀lì sínú ẹ́ńjìnì náà, ìkejì náà ni. Ìṣòro rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé kò ní ọkọ̀. Kẹ̀kẹ́ akẹ́rù ló máa ń háyà láti gbé ẹ́ńjìnì lọ sí ṣọ́ọ̀bù, bí kò bá sì rí kẹ̀kẹ́, òun àti oníbàárà á gbé e láàárín ara wọn.

Lọ́dún kan, iléeṣẹ́ kan tó ní ilé àwọn máníjà ní Àpápá GRA pè é. Jẹnẹrétọ̀ mọ́kànlá ló wà nínú àwọn ilé náà. Wọ́n fẹ́ fi gbogbo rẹ̀ sí ọwọ́ rẹ̀, owó oṣù ni wọ́n sì fẹ́ máa san, kì í ṣe owó iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ohun kan ni wọ́n bi í: ṣé ó ní ọkọ̀? Mẹkáníìkì tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ máa ń fi "mi ò rí ọkọ̀" ṣe àwáwí nígbàkigbà tí iná bá lọ. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá lè gbé ọkọ̀ tirẹ̀ wá kí oṣù tó parí, iṣẹ́ di tirẹ̀. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ló kù nígbà náà.

Ó ta ilẹ̀ kan ṣoṣo tó ní, ó kó owó àjọ rẹ̀ mọ́ ọn, gbogbo rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́sàn-án àbọ̀. Ó wá bá mi nílé lọ́jọ́ Àìkú, nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí oṣù parí, ó jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìwọ lo mọ ọkọ̀," ó ní. "Tẹ̀ lé mi lọ rà á."

Àti ọjọ́ tí wọ́n bí mi, mi ò rántí pé ẹ̀gbọ́n mi ti bẹ̀ mí ní ohunkóhun rí. Mo fọ ṣẹ́ẹ̀tì mi, mo lọ̀ ọ́, mo fi bírò méjì sápò.

Obìnrin kan ló ni àgbàlá tí a lọ ní Malu Road. Ó ti ń kó tòkunbọ̀ wọlé ṣáájú kí n tó débẹ̀, kò sì sí ẹni tí kì í pè é ní Màmá ládùúgbò náà. Orí àga oníke kan ló ń jókòó sí lábẹ́ tánpólì, pẹ̀lú gíláàsì ojú lórí imú àti kúlà omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀. Píkọ́ọ̀pù funfun kan wà níwájú rẹ̀. Lẹ́tà ẹ̀yìn rẹ̀ ń kígbe pé ọ̀gá ni. Ríìmù rẹ̀ ń dán. Òǹkà inú dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ wà lórí kìlómítà 84,210. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Mo ń yí i po, mo ń wọn táyà, mo ń tẹ ìjókòó. Ẹ̀gbọ́n mi kò yí nǹkan kan po. Ó ní kí wọ́n ṣíná sí i. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ́ńjìnì. Ó ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ọ̀lì sí nígbà tó ń ṣiṣẹ́, ó wò ó bóyá èéfín ń tú jáde níbẹ̀. Ó lọ sẹ́yìn, ó na ọwọ́ sí ẹnu sàlẹ́ńsà, ó gbóòórùn ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wọ inú ọkọ̀ lọ, ó jókòó ní iwájú, ó tún jókòó ní ẹ̀yìn, ó jáde, ó sì lọ bá Màmá.

"Mílíọ̀nù mẹ́wàá àbọ̀," Màmá ní.

"Mẹ́sàn-án."

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ kí n fi ilé mi kún un ni?"

"Ẹ fi sílẹ̀, mà. Mo ṣì máa ra dísẹ́ẹ̀lì sí i."

Wọ́n ń bá a bọ̀ báyìí títí wọ́n fi dé mílíọ̀nù mẹ́sàn-án àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà irinwó. Màmá yọ gíláàsì ojú rẹ̀. "Mo gbà. Ẹ mú un, Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ fi ṣoríire." Ó pàṣẹ pé kí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́.

Gbogbo ẹni tó bá ń ná ọjà ní ìlú wa mọ ìtumọ̀ "mo gbà" yẹn. Èèyàn lè ná ọjà kó má rà, kò sí ìjà. Ṣùgbọ́n bí o bá dá iye kan, tí ọlọ́jà sì gbà, ọjà ti di tìẹ. Ọ̀rọ̀ ti tán. Ẹni tó bá yí padà lẹ́yìn ìyẹn ti sọ ọlọ́jà di aláìníláárí níwájú àwọn èèyàn.

Mo mọ èyí. Ṣùgbọ́n ìgbà náà gan-an ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wa ọkọ̀ mìíràn kúrò ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀, tí àyè wá wà fún mi láti ṣí i dáadáa kí n tẹ̀ ba ka pátákó inú férémù. Mo ka lẹ́tà mẹ́ta tó kẹ́yìn. Mo tún un kà. Mi ò lè sọ pé inú bí mi. Inú mi ń dùn ni.

"Bùrọ̀dá!" mo kígbe. "Wọ́n ti fẹ́ lù yín ní jìbìtì o! Mẹ̀kúnnù ni! Mẹ̀kúnnù tí wọ́n wọṣọ ọ̀gá fún ni!" Mo ṣí ìwé mi, mo ń ka ojú ewé jáde: mẹ̀kúnnù tòkunbọ̀ ọdún yẹn, mílíọ̀nù mẹ́jọ àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin, akọ̀wé, mẹ́wàá, ọ̀gá, mọ́kànlá àbọ̀. "Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta ni wọ́n fẹ́ fi rẹ́ yín jẹ!"

Àwọn tó ń fọ ọkọ̀ dáwọ́ dúró. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Chai, professor don land!" Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín.

Màmá kò rẹ́rìn-ín. "Ìwọ, ta ló sọ fún ẹ pé ọ̀gá ni? Ṣé o gbọ́ ọ lẹ́nu mi?"

"Ó wà lẹ́yìn ọkọ̀ yín, mà."

"Bó ṣe wà ni mo ṣe bá a. Mo dá iye mi, ẹ̀gbọ́n ẹ dá tiẹ̀, mo gbà. Ṣé ẹ̀gbọ́n ẹ ò lójú ni?" Ó kọjú sí ẹ̀gbọ́n mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dá a lóhùn. Ṣé jìbìtì ni mo lù yín?"

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí. Mo ṣì na ìwé náà síwájú bí ẹni na àwo. Ó wo àwọn tó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Àbúrò mi ni." Ó mú mi lọ́wọ́ bí ìgbà tí mo wà ní ọmọ ọdún méje, a sì jáde.

A padà sí Amùkòkò. Níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ra omi inú ọ̀rá méjì, ó fún mi ní ọ̀kan.

"Gíláàsì ẹ̀yìn," ó ní. "Ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí i. Nígbà tí mo jókòó sẹ́yìn, mo di irin tí wọ́n fi ń yí i mú. Ọ̀gá wo ló ń fi ọwọ́ yí gíláàsì?"

Mo gbé omi kúrò lẹ́nu. "Ẹ ti mọ̀?"

"Ọmọ kékeré á mọ̀. Ẹ́ńjìnì ni mo ń rà. Kò tíì sẹ́ni tó fi sípánà kan ẹ́ńjìnì yẹn. Ríìmù kì í gbé jẹnẹrétọ̀."

"Ẹ̀yin náà kí ló dé tẹ́ ò sọ̀rọ̀ níbẹ̀?"

Ó fi eyín já ọ̀rá omi tirẹ̀. "Kí n wá sọ níwájú àwọn tó ń fi ẹ́ rẹ́rìn-ín pé àbúrò mi ò mọ ohun tó ń sọ?" Ó mu omi náà tán. "Lọ bẹ̀ ẹ́ lọ́la. Ẹnu tó lé e náà ni kó lọ pè é padà."

Mi ò lọ lọ́la.

Mo ti gbìyànjú láti wá ìdí tó dára fún un, mi ò rí. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé bí mo bá lè rí ojúlówó, akọ̀wé tí kò wọṣọ ẹlòmíràn, ní iye tí owó ẹ̀gbọ́n mi ká, kò ní sí ìdí fún mi láti lọ dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi rin àgbàlá mẹ́rìnlá. Mo ka pátákó ilẹ̀kùn mọ́kànlélógójì. Mo ń gbádùn rẹ̀, kí n má purọ́. Mo rí akọ̀wé kan tí owó rẹ̀ ká wa, ẹ́ńjìnì rẹ̀ ń tu èéfín aláwọ̀ búlúù. Mo rí òmíràn tó mọ́ bí àwo, ìwé èbúté rẹ̀ ò pé. Ìwé mi kún, ọwọ́ mi ṣófo.

Lọ́jọ́ kẹrin, mo lọ sí àgbàlá Màmá. Ibi tí píkọ́ọ̀pù náà wà ti di ilẹ̀ lásán, ọ́ọ̀lì díẹ̀ ló kù níbẹ̀, èyí tí kì í tiẹ̀ ṣe tirẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí yanrìn. Màmá ní kí n dìde, aṣọ mi á dọ̀tí.

"Obìnrin oníyìnyín kan ti rà á lánàá," ó ní. "Mo dá a dúró de ẹ̀gbọ́n ẹ fún ọjọ́ méjì gbáko. Mo rí ọwọ́ tó gbé lé ẹ́ńjìnì yẹn. Mo mọ̀ pé yóò rán ẹ padà."

"Ó rán mi, mà."

"Nígbà wo?"

Mo gbọn yanrìn kúrò lára ṣẹ́ẹ̀tì mi. Ó tún gíláàsì ojú rẹ̀ wọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìwé kan tí mo mọ̀ pé kò sí nǹkan tó ń kà nínú rẹ̀.

Oṣù parí. Mẹkáníìkì mìíràn tó ní ọkọ̀ ló gba jẹnẹrétọ̀ mọ́kọ̀ọ̀kànlá. Ẹ̀gbọ́n mi ní kò sí wàhálà, a ó máa wò ó, ọkọ̀ kì í tán. Ṣùgbọ́n dọ́là bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lẹ́yìn ìyẹn, ó sì ń fa ọkọ̀ tòkunbọ̀ lọ́wọ́. Gbogbo rẹ̀ wà nínú ìwé mi. Mẹ̀kúnnù di mílíọ̀nù mọ́kànlá. Ó di mẹ́rìnlá. Mo ń pa àwọn iye náà rẹ́, mo ń kọ òmíràn sórí wọn, títí ojú ewé fi lu. Nígbà tó di mọ́kàndínlógún, ẹ̀gbọ́n mi dáwọ́ bíbéèrè dúró. Owó tó yẹ kó gbé ọkọ̀ wálé tú ká sínú owó ilé, owó ilé ìwé àwọn ọmọ rẹ̀ àti iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún ìyá wa. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mẹ̀kúnnù tòkunbọ̀ tó dára ń lọ ní mílíọ̀nù méjìdínlọ́gbọ̀n.

Kò fi ọ̀rọ̀ náà bú mi rí. Ìyẹn ló burú jù. Bí àwọn oníbàárà bá ń sọ̀rọ̀ ọkọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, á nawọ́ sí mi, á ní, "Ẹ bi àbúrò mi, òun ló mọ̀ ọ́n," kò sì ní fi ṣe yẹ̀yẹ́. Kẹ̀kẹ́ akẹ́rù ló ṣì ń háyà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń dùn ún láti ọdún méjì sẹ́yìn, ó ti so ọ̀já dúdú kan tó ń gbé ẹ̀yìn ró mọ́ ìbàdí, bó bá sì fẹ́ dìde lórí àpótí, á kọ́kọ́ di nǹkan mú.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, mo ń bọ̀ láti èbúté, mo rí píkọ́ọ̀pù funfun kan níwájú ilé yìnyín kan ní Malu Road. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti hó, ìpàǹtí àpò yìnyín wà nínú rẹ̀. Lẹ́tà dídán ẹ̀yìn rẹ̀ ti jábọ́, ó ku méjì. Mo ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀ láìtọrọ àyè, mo tẹ̀ ba, mo ka pátákó náà. Òun ni.

Awakọ̀ rẹ̀ sáré jáde. "Ọ̀gá, kí lẹ ń wá nínú mọ́tò mi?"

Mo tọrọ àforíjì. Mo ní mo kàn fẹ́ bi í léèrè bóyá wọ́n ti ṣí ẹ́ńjìnì rẹ̀ rí.

"Èyí?" Ó gbá bọ́nẹ́ẹ̀tì bí ẹni gbá màlúù lẹ́yìn. "Ọ́ọ̀lì àti fílítà nìkan la máa ń pààrọ̀ o. This one na correct engine. Ìyá oníyìnyín ti fi ra méjì sí i."

Mo bẹ̀ ẹ́ kó tan dáṣíbọ́ọ̀dù fún mi. Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, ó sì tan án. Mo mú ìwé aláwọ̀ ewé náà jáde, mo wá ojú ewé tí mo kọ kìlómítà 84,210 sí lọ́jọ́ tí wọ́n ń fọ ọkọ̀ náà fún wa, mo sì kọ tuntun sí abẹ́ rẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi ni mo gbà lọ tààrà. Ó dùbúlẹ̀ sórí páànù, ó ń tú ẹ́ńjìnì kékeré kan, nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ kò jẹ́ kó lè tẹ̀ ba mọ́. Mo sọ fún un pé mo rí i. Kò béèrè kí ni mo rí.

"Wọ́n ti ṣí ẹ́ńjìnì rẹ̀?"

"Rárá. Ọ́ọ̀lì àti fílítà nìkan."

Ó mi orí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n sọ ohun tó ti mọ̀ fún. Sípánà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Mélòó ló ti rìn?"

Mo ṣí ìwé, mo sì kà á fún un: kìlómítà 231,640.